Ẹ̀KỌ́ KỌKÀNLÁ: ÀRÒKỌ ALÁÀLÀYÉ LÓRÍ OMÍYALÉ

A. Ọ̀rọ̀ ìṣáájú

Nínú ẹ̀kọ́ tí ó ṣáájú èyí, àròkọ oníròyìn ni a kọ́. Ìyàtọ̀ wà láàárín rẹ̀ àti àròkọ aláàlàyé tí a fẹ́ kọ́ lónìí. Nínú àròkọ oníròyìn, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni ò ń sọ, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú àròkọ aláàlàyé, bí nǹkan ti rí ni ò ń sọ, ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, àti ohun tí a lè ṣe sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá da méjèèjì pọ̀ yóò pàdánù máàkì tí kò yẹ kí ó pàdánù.

Mo ti yẹ ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n bá ti rí ọ̀rọ̀ náà "omíyalé" nínú ìbéèrè, ohun tí púpọ̀ nínú wọn máa ń kọ ni pé òjò rọ̀, omi kún, ilé wó, àwọn ènìyàn sunkún, kí ìjọba jọ̀wọ́ ràn wá lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń ka irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kò lè rí ibì kan tí akẹ́kọ̀ọ́ ti fi hàn pé òun mọ ìdí tí omi fi wọ ilé kan tí kò sì wọ èkejì. Àgbá òfìfo ni irú àròkọ bẹ́ẹ̀: ariwo rẹ̀ pọ̀, kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà. Orí-ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti gbọ̀ngàn ìdánwò nìkan. Ó lè jẹ́ pé etí odò ni ilé tí o ti ń ka ìwé yìí wà. Nítorí náà, fara balẹ̀ kà á, kí o sì sọ ohun tí o bá rí kọ́ fún àwọn ará ilé rẹ.

B. Orí-ọ̀rọ̀

*Ṣe àlàyé ohun tí ó ń fa omíyalé ní àwọn ìlú wa, kí o sì sọ ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn ará ìlú mọ̀ kí omi tó dé.*

D. Ìtúpalẹ̀ orí-ọ̀rọ̀

Má ṣe mú gègé rẹ kí o tó ka ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ohun mẹ́ta ni ìbéèrè yìí ń fẹ́:

(i) *Ohun tí ó ń fa omíyalé.* Ìdí ni wọ́n ń béèrè. Kì í ṣe ìtàn ẹkún.

(ii) *Ní àwọn ìlú wa.* Èyí ni pé kí o mú àpẹẹrẹ láti ìlú tí o mọ̀, kí o dárúkọ odò, kí o dárúkọ ọdún.

(iii) *Ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àwọn ará ìlú mọ̀ kí omi tó dé.* Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń ṣubú. Wọ́n á kọ ọ́ pé kí ìjọba fún wa ní ìrẹsì, kí ó fún wa ní bẹ́ẹ̀dì àti owó. Lẹ́yìn tí omi bá ti lọ ni ìyẹn. Ìbéèrè sọ pé *kí omi tó dé*, ó sì sọ pé *mọ̀*. Ìmọ̀ ni wọ́n ń béèrè, kì í ṣe ẹ̀bùn.

E. Ohun tí o ní láti mọ̀ kí o tó kọ ọ́

Ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí o mọ̀.

*Èkínní, ilẹ̀ àkùrọ̀.* Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, tí ó máa ń tutù, tí a ti ń gbin ẹ̀fọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí odò bá kún kọjá bèbè rẹ̀, orí ilẹ̀ yìí ni yóò nà sí. Bí o bá mọ ohun tí à ń pè ní àkùrọ̀, o ti mọ ìdajì ìdáhùn.

*Èkejì, omi tí ń wọlé kì í ṣe irú kan.* Ọ̀kan ni omi odò tí ó kún àkúnya. Èkejì ni àgbàrá, tí òjò tí ó rọ̀ sórí ìlú ń fà nígbà tí gọ́tà kò bá gbà á. Ẹ̀kẹta ni omi tí wọ́n tú sílẹ̀ láti inú dáàmù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ya mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀ yóò fi hàn pé òun mọ ohun tí òun ń sọ.

*Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ "ọgọ́rùn-ún ọdún".* Àwọn onímọ̀ máa ń sọ pé irú omi kan jẹ́ omi ọgọ́rùn-ún ọdún. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ó bá ti ṣẹlẹ̀ lónìí, ó di ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó tún ṣẹlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí a fi ọmọ ayò ṣe àlàyé rẹ̀. Kó ọgọ́rùn-ún ọmọ ayò sínú igbá, fi ẹfun sàmì sí ẹyọ kan. Ní ọdọọdún, di ojú rẹ, mú ẹyọ kan, wò ó, kí o sì dá a padà sínú igbá. Bí ó bá jẹ́ ẹlẹ́fun ni o mú, omi yóò dé lọ́dún náà. O rí i pé mímú tí o mú un lọ́dún yìí kò ní kí o má tún mú un lọ́dún tí ń bọ̀, nítorí pé o ti dá a padà. Bí ènìyàn bá gbé inú irú ilé bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, ó lé díẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́rin pé yóò mú ẹlẹ́fun lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán. Ẹni tí ó mọ èyí kò ní sọ pé, "Ó ti ṣẹlẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò tún lè ṣẹlẹ̀ mọ́."

*Ẹ̀kẹrin, ẹni tí iṣẹ́ kọjú sí.* Àjọ NiMet ni ó ń ṣọ́ ojú ọjọ́ fún ìjọba àpapọ̀. Àjọ NIHSA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2010, ni ó ń ṣọ́ omi odò, tí ó sì ń gbé ìwé ìkìlọ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún. Àjọ NEMA, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1999, ni ó ń rí sí ìṣẹ̀lẹ̀ pàjáwìrì. Ìjọba ìbílẹ̀ ní tirẹ̀ ni òfin ọdún 1999 gbé iṣẹ́ ojú pópó àti gọ́tà àdúgbò lé lọ́wọ́. Òun ni ó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà ilé wa jù.

Ẹ. Ìlapa èrò

1. Ìfáàrà: omi kì í ṣe ọ̀tá wa, àwa ni a lọ bá a nílé rẹ̀.
2. Kí ni àkùrọ̀?
3. Ìdí kìíní: ilé kíkọ́ sí àkùrọ̀.
4. Ìdí kejì: ìlú tí kò jẹ́ kí ilẹ̀ mu omi; ìdọ̀tí nínú gọ́tà.
5. Àpẹẹrẹ: Ìbàdàn, ọdún 1980 àti 2011.
6. Ìdí kẹta: omi dáàmù, odò Ògùn.
7. Ìmọ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ mú dé ọ̀dọ̀ ará ìlú: ibi tí omi ń dé, ìgbà tí ó ń bọ̀, ibi tí a ó sá sí.
8. Ojúṣe àwa náà.
9. Ìkádìí.

F. Àpẹẹrẹ àròkọ

(Àpẹẹrẹ yìí gùn ju èyí tí o máa kọ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò lọ. Mo mú un gùn kí o lè rí kókó púpọ̀ mú níbẹ̀.)

OMÍYALÉ ÀTI ÌMỌ̀ TÍ Ó YẸ KÍ Ó ṢÁÁJÚ RẸ̀

A kì í bá omi ṣọ̀tá. Omi ni a fi ń se oúnjẹ, òun ni a fi ń wẹ̀, òun náà ni ó ń mú irè oko dàgbà. Ṣùgbọ́n omi kan náà yìí ni ó ń wọlé lóru, tí ó ń gbé ẹrù, tí ó sì ń gbé ọmọ lọ mọ́ ìyá lọ́wọ́. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé nínú àròkọ yìí ni pé omi kì í ṣàdédé di ọ̀tá. Nígbà púpọ̀, àwa ni a lọ bá a nílé rẹ̀, tí kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wa pé ilé rẹ̀ ni.

Gbogbo odò ni ó ní àyè méjì. Èkínní ni ojú odò, níbi tí omi ń gbà lójoojúmọ́. Èkejì ni àkùrọ̀, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí odò máa ń na ẹsẹ̀ sí nígbà tí ó bá kún. Odò fúnra rẹ̀ ni ó ṣe ilẹ̀ yìí. Nígbàkigbà tí ó bá kún bò ó, ẹrẹ̀ tí ó gbé bọ̀ láti òkè ni ó ń fi sílẹ̀ níbẹ̀. Ìdí nìyí tí ilẹ̀ àkùrọ̀ fi máa ń lọ́ràá. Àwọn baba wa mọ èyí. Wọ́n gbin ẹ̀fọ́ àti àgbàdo ẹ̀ẹ̀rùn sí àkùrọ̀, wọ́n sì kọ́ ilé sórí òkè. Bí o bá wo Ìbàdàn, Òkè Màpó àti Òkè Àrẹ̀mọ wà lára ibi tí àwọn agbolé àtijọ́ wà.

Ohun kìíní tí ó ń fa omíyalé ni pé a ti kúrò lórí òkè, a ti sọ̀ kalẹ̀ sí àkùrọ̀. Nígbà tí ìlú kún, tí owó ilẹ̀ òkè sì wọ́n, ilẹ̀ etí odò ni ó kù fún ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀. Nínú oyè ni wọ́n sábà máa ń mú oníbàárà lọ wo irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ á gbẹ, odò á dà bí ọ̀nà ẹsẹ̀ kékeré, oníbàárà á sì sanwó. Bí ó bá kọ́lé tán, kì í ṣe pé ó wà nínú ewu nìkan ni. Ògiri ilé rẹ̀ tún ti gba àyè mọ́ omi lọ́wọ́, omi tí ìbá kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò wá yà sí ilé ẹlòmíràn.

Ohun kejì ni bí ìlú wa ti rí. Bí òjò bá rọ̀ sínú igbó, ewé á gbà á, ilẹ̀ á mu ún, díẹ̀díẹ̀ ni èyí tí ó kù yóò máa ṣàn lọ sínú odò. Bí òjò kan náà bá rọ̀ sí ìlú, orí páànù, orí ọ̀dà títì àti orí kọnkéré ni ó ń bọ́ sí. Kò sí èyí tí ó lè mu ún nínú wọn. Gbogbo rẹ̀ ni yóò dé odò lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá tún bá ike, ọ̀rá àti ìdọ̀tí ọjà nínú gọ́tà, tàbí tí nǹkan dí abẹ́ afárá, ojú ọ̀nà àti ẹnu ọ̀nà ilé wa ni yóò gbà.

Ìbàdàn jẹ́ ẹlẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí. Odò Ògùnpa gba àárín ìlú náà kọjá. Ó kún ní ọdún 1960, ó tún kún ní 1963 àti 1978. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, lẹ́yìn òjò tí ó rọ̀ fún wákàtí púpọ̀, odò náà ya wọ ìlú. Ó lé ní igba ènìyàn tí ó kú. Ọgbà Agódi, tí ó wà lójú ọ̀nà odò náà, bà jẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi kọnkéré tún ojú odò náà ṣe. Ṣùgbọ́n Ògùnpa nìkan kọ́ ni odò Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò ńlá mìíràn rọ̀, omi bo dáàmù Ẹlẹ́yẹlé mọ́lẹ̀, àwọn afárá wó, Yunifásítì Ìbàdàn pàdánù ohun ìní púpọ̀, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú. Ní ọdún 2014, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí owó yíyá tí ó tó 200 mílíọ̀nù dọ́là láti fi dènà omíyalé ní ìlú náà. Iṣẹ́ tí owó lè ṣe ni èyí. Iṣẹ́ kan wà tí ìmọ̀ nìkan lè ṣe.

Ohun kẹta tí ó ń fa omíyalé lè wá láti ọ̀nà jíjìn. Dáàmù Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1983 ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ń gba omi odò Ọ̀yán dúró. Bí ó bá fẹ́ kún jù nígbà òjò, wọ́n ní láti tú omi sílẹ̀. Omi náà yóò wọ odò Ògùn, yóò sì gba Abẹ́òkúta lọ sí Ìṣẹ́rì àti agbègbè Ajégúnlẹ̀ ní ojú ọ̀nà Ìkòròdú, kí ó tó dé ọ̀sà. Òjò lè má rọ̀ rárá ní Ìṣẹ́rì lọ́jọ́ náà, kí omi sì wọlé. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, ọ̀pọ̀ ará Ajégúnlẹ̀ ni ó fi ilé wọn sílẹ̀ nítorí omi yìí. Ẹni tí ó bá ń wo ojú ọ̀run nìkan kò lè mọ̀. Àfi kí ẹnìkan sọ fún un.

Kí ni ó wá yẹ kí ìjọba ìbílẹ̀ jẹ́ kí a mọ̀? Èkínní ni *ibi tí omi ń dé*. Ó yẹ kí káńsù ní àwòrán ilẹ̀ tí ó fi àkùrọ̀ odò kọ̀ọ̀kan hàn, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ọ́fíìsì níbi tí ẹni gbogbo ti lè rí i, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò ní èdè Yorùbá. Kí a kun ọ̀dà pupa sí ara òpó afárá àti ògiri ilé ìwé, ní ibi gíga tí omi dé nígbà tí ó kún jù, kí a sì kọ ọdún rẹ̀ sí i. Ọmọ tí a kò tíì bí ní 2011 yóò lè fi ojú ara rẹ̀ rí i pé omi ọdún náà ga jù òun lọ. Ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ gbọ́dọ̀ lè béèrè ní káńsù kí ó tó sanwó, kí wọ́n sì dá a lóhùn láìgba rìbá.

Èkejì ni *ìgbà tí omi ń bọ̀*. Ní ọdún 2022, NIHSA ti gbé ìwé ìkìlọ̀ jáde ṣáájú kí omi tó dé, síbẹ̀ ó lé ní 600 ènìyàn tí ó kú káàkiri Nàìjíríà. Ìkìlọ̀ tí ó wà nínú ìwé ní Àbújá kò tíì di ìkìlọ̀ fún ìyá tí ń ta ẹ̀kọ ní etí odò. Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni láti túmọ̀ rẹ̀ sí èdè tí ìyá náà ń sọ, kí ó sì mú un dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: lórí rédíò, lórí fóònù, lẹ́nu akéde, ní mọ́sálásí, ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́dọ̀ ìyálọ́jà àti baálẹ̀. Kí ìkìlọ̀ náà má sì jẹ́ pé "òjò yóò rọ̀ púpọ̀". Kí ó sọ odò wo, àdúgbò wo, ọjọ́ wo.

Ẹ̀kẹta ni *ibi tí a ó sá sí*. Kí olúkúlùkù mọ ilé ìwé tàbí gbọ̀ngàn tí ó wà lórí òkè tí yóò gbà á, àti ọ̀nà tí kò gba orí afárá kọjá. Kí a kọ́ àwọn ọmọ pé omi tí ń ṣàn kì í ṣe ohun eré. Èyí tí kò ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, tí ó kàn bo ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀, lè gbé àgbàlagbà ṣubú bí eré rẹ̀ bá le. Èyí tí ó tó sẹ̀ǹtímítà 60 lè gbé mọ́tò lọ. Kí ẹni tí ó bá gbọ́ ìkìlọ̀ pa iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì, kí ó gbé ìwé ilé àti oògùn, kí ó mú àwọn arúgbó ṣáájú.

Àwa ará ìlú náà ní ojúṣe tiwa. Bí wolé-wolé bá wá, tí a fún un lówó kí ó lè kọjá, a ti ra ikú sílé. Bí a bá da ìdọ̀tí sínú gọ́tà lóru nígbà tí òjò ń rọ̀, ilé aládùúgbò wa ni a dà á sí. Ṣùgbọ́n kí ìjọba náà má ṣe rò pé àmì pupa tí wọ́n fi ń wó ilé nìkan ni ó kan àwọn. Ẹni tí ń gbé etí odò kò fẹ́ràn omi jù wá lọ. Ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ ká. Ẹni tí a bá ní kí ó kúrò, ẹ jẹ́ kí ó mọ ibi tí ó ń lọ.

Ní ìparí, àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí ni eji ń pa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gbọ́ pé eji ń bọ̀ lè kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Odò kò ní fi àkùrọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa. Ohun tí ó kù ni pé kí ìjọba ìbílẹ̀ sọ fún wa ní àsìkò, ní èdè wa, kí àwa náà sì gbọ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

G. Àkíyèsí lórí àpẹẹrẹ yìí

(i) Wo ìfáàrà. Gbólóhùn ìkẹyìn rẹ̀ sọ ohun tí gbogbo àròkọ náà fẹ́ fi hàn. Wo ìkádìí: ó padà sí ọ̀rọ̀ kan náà, kò gbé kókó tuntun wọlé.

(ii) Kókó kan ni ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan gbé. Bí o bá rí i pé kókó méjì ti wọ inú ìpínrọ̀ kan, pín in.

(iii) Fi gbólóhùn méjì yìí wé ara wọn:

*Omi kún ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sì kú.*

*Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya wọ ìlú. Ó lé ní igba ènìyàn tí ó kú.*

Ẹnikẹ́ni lè kọ ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ó mọ ọ̀rọ̀ náà ni ó lè kọ ti kejì. Ṣùgbọ́n bí iye kan kò bá dá ọ lójú, má ṣe hùmọ̀ rẹ̀. Sọ èyí tí ó dá ọ lójú, kí o sì tẹ̀síwájú. Irọ́ inú àròkọ aláàlàyé burú ju àìmọ̀ lọ.

(iv) Òwe mẹ́ta péré ni ó wà nínú àròkọ náà. Akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn á kó òwe mẹ́wàá jọ sí ojú ìwé kan, wọn kò sì ní bá ọ̀rọ̀ mu. Òwe ni ẹṣin ọ̀rọ̀. A kì í fi ẹṣin mẹ́wàá gun ìrìn-àjò kan.

(v) Àròkọ náà kò bú ìjọba, kò sì pọ́n ọn lé. Ó sọ iṣẹ́ tí ó kàn án, ó sì sọ tiwa náà. Èyí ni ohùn tí ó yẹ àròkọ aláàlàyé.

GB. Àwọn ọ̀rọ̀ tí o gbọ́dọ̀ lè lò

*Àkùrọ̀*: ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò.
*Àbàtà*: ilẹ̀ ẹrẹ̀ tí omi dúró sí, tí ẹsẹ̀ ń rì níbẹ̀.
*Bèbè odò*: etí odò níbi tí ilẹ̀ ti pàdé omi.
*Àgbàrá*: omi òjò tí ń ṣàn lórí ilẹ̀.
*Àkúnya*: kíkún tí odò kún kọjá bèbè rẹ̀.
*Omíyalé*: omi tí ó ya wọ ilé.
*Wolé-wolé*: òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń yẹ ìmọ́tótó ilé àti àyíká wò.

Má ṣe pe àgbàrá ní omíyalé. Àgbàrá lè kọjá lójú pópó kí ó má wọ ilé ẹnikẹ́ni.

H. Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Béèrè lọ́wọ́ àgbàlagbà mẹ́ta ní àdúgbò rẹ ibi tí omi dé nígbà tí ó kún jù, àti ọdún tí ó ṣẹlẹ̀. Fi ohun tí wọ́n sọ wé ara wọn, kí o sì kọ ìpínrọ̀ kan lórí rẹ̀.

2. Kọ lẹ́tà sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ rẹ, kí o sọ ohun mẹ́ta tí o fẹ́ kí káńsù jẹ́ kí àwọn ará àdúgbò rẹ mọ̀ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. (Lẹ́tà àìgbẹ̀fẹ̀ ni èyí. Rántí àdírẹ́sì méjèèjì, déètì, àkọlé, àti orúkọ rẹ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́ lábẹ́ ìbuwọ́lùwé.)

3. Ọ̀rẹ́ bàbá rẹ fẹ́ ra ilẹ̀ kan létí odò nínú oyè. Kọ ìtàkùrọ̀sọ láàárín ìwọ àti òun, kí o fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún un ohun tí ó yẹ kí ó béèrè kí ó tó sanwó.

4. "Ẹ̀bi omíyalé jẹ́ ti ará ìlú ju ti ìjọba lọ." Kọ àròkọ alárìíyànjiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ṣe iṣẹ́ kìíní kí o tó ṣe àwọn yòókù. Bí o bá rí i pé ilé yín wà níbi tí omi ti dé rí, má ṣe dúró de ìdánwò kí o tó sọ fún àwọn òbí rẹ.